Omi inú ẹ̀dọ̀fóró, kì í ṣe omi ọ̀sà

Ẹ ṣé o, ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé growth factor, èròjà ara tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà, lè dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀fóró bá fara pa yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Ẹ̀pẹ́ la wà, bọ̀dá mi ní nimóníà lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì ní omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, màmá wa figbe ta, "omi báwo, ṣé ó já sọ́sà ni?" Èékánná ẹ̀ ti dúdú bí aró. Àṣé inú iṣan tín-ín-tín lomi yẹn ti ń jò, sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ẹ̀ ti ya kúrò lára ara wọn. Àmọ́ ẹ rọra yin VEGF, ọ̀kan lára àwọn growth factor yẹn o, kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì yẹn kú lóòótọ́, òun náà ló sì ń jẹ́ kí iṣan jò, iṣẹ́ jíjò yẹn gan-an ni wọ́n fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lọ́dún 1983. Angiopoietin-1, growth factor míì, lèmi fẹ́ràn jù, òun ló ń di àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn pọ̀, Angiopoietin-2 ló ń tú wọn ká. Kò tíì sí èyí tó di oògùn ẹ̀dọ̀fóró tó fara pa nínú wọn ṣá. Bọ̀dá mi ti padà sídìí ẹja ẹ̀, tó bá gun àtẹ̀gùn báyìí á kọ́kọ́ jókòó mí ná.