Àsọtẹ́lẹ̀ epo rọ̀bì: ta ló ń sọ ọ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iye epo báyìí ni ayé máa lò ní 2030 tàbí 2050, ẹ kọ́kọ́ bi í: ṣé títà lò ń tà ni àbí rírà lò ń rà?

Ẹ wo 2024. OPEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè kan tó ń ta epo, ní epo tí ayé ń lò lójúmọ́ máa fi àgbá mílíọ̀nù 2.25 lé sí i lọ́dún náà. IEA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ epo àti agbára ní Paris, ní kò lè tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọdún sì fi ń parí lọ, iye tó ń pè ò tó mílíọ̀nù kan mọ́. Láti oṣù kẹjọ sí oṣù kejìlá, oṣooṣù ni OPEC náà ń gé tirẹ̀ kù. Mọ́tò kan náà, bàálù kan náà ni àwọn méjèèjì ń kà o! Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta epo ló ni OPEC, àwọn tó ń rà á ló sì dá IEA sílẹ̀ ní 1974, lẹ́yìn tí àwọn Lárúbáwá kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà. Ta ló ń ta ọjà tó máa kéde pé oníbàárà òun fẹ́ dín kù?

Mi ò ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹni tí kò tan ara rẹ̀ pàápàá lè má ríran jìnnà. Ní 1956, ọdún tí wọ́n rí epo ní Oloibiri nílẹ̀ wa gan-an, onímọ̀ kan ní ilé iṣẹ́ epo Shell, M. King Hubbert, sọ pé láàárín 1965 sí 1970 ni epo tí Amẹ́ríkà ń wà máa dé góńgó, tí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ní 1970, ó rí bẹ́ẹ̀. Àṣé àwọn awakùsà Texas àti North Dakota ṣì máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi omi àti iyanrìn fọ́ àpáta abẹ́ ilẹ̀ kí epo lè jáde. Nígbà tó di 2023, Amẹ́ríkà ń wa nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 àgbá lójúmọ́, iye tí wọn ò wà rí láyé.

Tiwa ní Nàìjíríà ló ń dùn mí jù. Bọ́jẹ́ẹ̀tì 2025 ní a máa wa mílíọ̀nù 2.06 àgbá lójúmọ́, ká sì ta àgbá kan ní dọ́là 75. Kò sí oṣù kan tí a wà tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó sì di oṣù karùn-ún, owó epo ti já wálẹ̀ sún mọ́ dọ́là 60. Owó tí kò tíì wọlé, a ti pín in fún títì àti ilé ìwòsàn. Ẹ fi àgbá mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lójúmọ́ kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ fi dọ́là 55 kọ ọ́. Bó bá lé, ìgbà yẹn la lè wá máa jà lórí bí a ó ṣe pín in.