Orúkọ bàbá tó ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀jẹ̀ kan náà

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń tọpa ìran wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn wa tó ń gbé níbẹ̀ náà sì ti gbà á wọlé. Wọ́n ní bí orúkọ bàbá kan bá ṣọ̀wọ́n, tó jẹ́ pé àdúgbò kan péré ni wọ́n ti ń jẹ́ ẹ, ọmọ bàbá kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn tó ń jẹ́ ẹ, ibẹ̀ ni orírun wọn, òyìnbó pọ́ńbélé sì ni wọ́n láti ìran dé ìran. Wọ́n gbà pé Smith àti Jones kò lè fi ìdí ẹnikẹ́ni hàn, torí àwọn tó ń jẹ́ ẹ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n èyí tí ìdílé díẹ̀ ń jẹ́, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣini lọ́nà.

Ó máa ń ṣini lọ́nà. Orúkọ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kan àwa ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gan-an.

Revis ni orúkọ náà. Ìlà-oòrùn Yorkshire, ní àríwá Íńgíláǹdì, ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, kò sì wọ́pọ̀ rárá. Ní Yunifásítì Leicester, Turi King, Mark Jobling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń wádìí bóyá orúkọ bàbá àti kúrómósómù Y, ìyẹn apá DNA tí ọkùnrin nìkan ń ní, máa ń bára wọn rìn. Ìdí tí wọ́n fi mú Y ni pé ọ̀nà kan náà ni òun àti orúkọ bàbá ń gbà: bàbá á fún ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọkùnrin yẹn náà á fún tirẹ̀, kò kan ìyá rárá. Bí ìgbàgbọ́ tí mo sọ lókè yẹn bá jẹ́ òótọ́, àwọn ọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ ṣíṣọ̀wọ́n kan náà yẹ kó ní irú Y kan náà.

Ọkùnrin kan nínú ìdílé yìí gbà kí wọ́n yẹ DNA òun wò. Òyìnbó ni, kò sì gbọ́ ọ rí pé ará Áfíríkà kankan wà nínú ìran òun. Ohun tó jáde ni ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní A1. Ẹ̀ka A ló sún mọ́ gbòǹgbò jù lọ nínú gbogbo ìran Y tí wọ́n mọ̀ nígbà náà, ti Áfíríkà nìkan ni wọ́n sì kà á sí. Kò sí ẹni tó ròyìn rẹ̀ rí ní Bìrìtéènì tàbí níbikíbi ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Nígbà tí wọ́n gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọmọ Áfíríkà, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí ló jọ pé ó ti wá. Ọdún 2007 ni wọ́n tẹ èsì náà jáde.

Wọn ò dá a dúró síbẹ̀. Wọ́n wá ọkùnrin 18 mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ yìí kàn, wọ́n yẹ tiwọn náà wò. Méje nínú wọn ní A1. Mọ́kànlá kò ní in.

Ẹ jẹ́ ká wo ònkà yẹn dáadáa, torí tọ̀tún-tòsì ló fi kọ lu ìgbàgbọ́ yẹn. Àwọn méje yẹn jẹ́ òyìnbó ní àwọ̀ àti ní ìṣesí, orúkọ wọn bá ìlú mu, síbẹ̀ bàbá tó bí bàbá ńlá wọn wá láti ilẹ̀ adúláwọ̀. Àwọn mọ́kànlá tó kù ń jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá tó bí àwọn méje yẹn kọ́ ni Y tiwọn ti wá. Orúkọ kan, àdúgbò kan, bàbá tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá fi orúkọ nìkan ṣe ẹ̀rí yóò kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ bàbá kan, yóò sì pe bàbá yẹn ní òyìnbó. Á ṣì í lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n tún wá inú ìwé. Láti ọdún 1538 ni Thomas Cromwell ti pàṣẹ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní Íńgíláǹdì máa kọ orúkọ àwọn tí wọ́n batisí, àwọn tó gbéyàwó àti àwọn tí wọ́n sin. Ìwé báyìí ló ń jẹ́ kí èèyàn lè tọpa ìran dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù lásán, tí kì í ṣe ti ìjòyè nìkan. Nígbà tí wọ́n tọ ọ́ dé ibi tó lè dé, ìdílé méjì ni àwọn tó ní A1 pín sí, Yorkshire ni bàbá ńlá kọ̀ọ̀kan sì wà ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Wọ́n wá fi àmì 77 lórí Y wé ara wọn, ó sì bá a mu pé ìdílé méjèèjì yìí pàdé ní ìran díẹ̀ sí i sẹ́yìn. Ìyẹn ni pé nígbà tí ọ̀gbẹ́ni tí ìdílé méjèèjì ti ṣẹ̀ wà láyé, Y Áfíríkà yìí ti wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ná.

Báwo ló ṣe débẹ̀? Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ló ń rò pé ọdún 1948, nígbà tí ọkọ̀ Windrush tó kó àwọn ará Karíbíà gúnlẹ̀, ni aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ Ìlú Ọba. Irọ́ ńlá gbáà ni. Ní ayé àwọn ará Róòmù, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan tí wọ́n kó láti àríwá Áfíríkà pàgọ́ sí Burgh-by-Sands, nítòsí odi Hadrian. Septimius Severus, olú-ọba Róòmù tí wọ́n bí sí Leptis Magna ní Líbíà, York ló kú sí lọ́dún 211, àárín gbùngbùn Yorkshire yẹn gan-an. Ní ààfin ọba Henry Keje àti Henry Kẹjọ, John Blanke, adúláwọ̀, ń fun kàkàkí; wọ́n ya àwòrán rẹ̀ lórí ẹṣin pẹ̀lú láwàní lórí, nínú ìwé gígùn tí wọ́n fi ṣe ìrántí ìdíje Westminster ní 1511. Lẹ́yìn náà ni òwò ẹrú kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wa dé Lọ́ńdọ̀nù, Bristol àti Liverpool, títí wọ́n fi ṣẹjọ́ James Somerset ní 1772, tí adájọ́ Mansfield ní wọn ò lè fi tipátipá kó o padà sínú ọkọ̀ lọ fún ìsìnrú. Èyíkéyìí nínú ọ̀nà wọ̀nyí ni bàbá àwọn Revis lè gbà dé, àwọn onímọ̀ náà ò sì fi dandan mú ọ̀kan.

Àwọn mọ́kànlá ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń jẹ́ orúkọ tí wọn kò bá àwọn méje yẹn pín bàbá? Ibí ni àwọn èèyàn ti máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n á ní ìyàwó kan ló yan àlè. Ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáa ká di gbogbo rẹ̀ ru obìnrin. Orúkọ kan lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá méjì tí kò mọra rí. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò lọ́kọ á máa jẹ́ orúkọ ìyá. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú á jẹ́ orúkọ ọkọ tuntun tí ìyá fẹ́. Àwọn mìíràn gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́. Ẹlòmíràn yí orúkọ padà torí àna rẹ̀ ní òun kò ní fún un ní ilẹ̀ àfi tó bá jẹ́ orúkọ òun. Ikọ̀ Leicester yìí kan náà ṣírò rẹ̀ pé láàárín ìran kan sí òmíràn, nǹkan bí ìdá 1 sí 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọ tí Y rẹ̀ kò bá orúkọ lọ. Ó dà bíi kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ mú ìdá 2 péré, kí ẹ ṣírò rẹ̀ títí dé ìran ogún, ibi tí orúkọ bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró láàárín wọn: nǹkan bí ìdámẹ́ta àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà lónìí ni Y wọn á ti kúrò lójú ọ̀nà.

Ìdílé ọba pàápàá kò bọ́. Nígbà tí wọ́n hú egungun Richard Kẹta lábẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ní Leicester ní 2012, Turi King yìí ló ṣáájú iṣẹ́ DNA rẹ̀. Wọ́n wá àwọn ọkùnrin tí ìwé ìtàn sọ pé wọ́n bá a tan ní ìlà bàbá, àwọn ọmọ ìdílé ìjòyè kan tó ń jẹ́ Somerset. Y wọn kò bá ti ọba mu.

Mi ò sọ pé kò sí òótọ́ kankan nínú ìgbàgbọ́ náà. Ní 2006, ikọ̀ Leicester fi ọkùnrin méjì-méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà wéra, méjì-méjì bẹ́ẹ̀ lọ́nà 150. Nǹkan bí ìdámẹ́rin wọn ló fi hàn pé bàbá ńlá kan so wọ́n pọ̀ nígbà tí kò jìnnà púpọ̀. Bí orúkọ bá ṣe ṣọ̀wọ́n tó, bẹ́ẹ̀ ni èyí ń pọ̀ sí i, títí tó fi sún mọ́ ìdajì. Ìdajì yẹn ni kí ẹ fọkàn sí: nínú orúkọ ṣíṣọ̀wọ́n, ó dà bíi kéèyàn ju kọ́bọ̀ sókè. Ní 2009 wọ́n tún tẹ òmíràn jáde, orúkọ 40 àti ọkùnrin 1,678. Àwọn Smith kò jọra wọn ju àwọn tí wọ́n ṣà jọ láti ìgboro lọ. Ṣùgbọ́n àwọn Attenborough, orúkọ tó wá láti abúlé kan ní Nottinghamshire, ó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn tó ní irú Y kan náà, irú tí kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kódà ti Attenborough yẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ọkùnrin kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà. Ní ayé àtijọ́, ọkùnrin kan lè bí ọmọkùnrin mẹ́fà tí gbogbo wọn là, kí aládùúgbò rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà bí obìnrin nìkan, kí àjàkálẹ̀ àrùn sì gbé ọmọ ẹni kẹta lọ. Bí ìran ṣe ń gorí ìran, ìlà kan á gbilẹ̀, àwọn yòókù á parun. Bàbá mẹ́wàá lè jọ bẹ̀rẹ̀ orúkọ kan, kó jẹ́ pé ti ẹnìkan ló kù lónìí. Àwọn tó kù la rí, la fi ń sọ pé bàbá kan ló bí gbogbo wọn.

Máàpù ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ jù, tí wọ́n ń tà fún èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn dá lórí ètò ìkànìyàn ọdún 1881. Ibi tí olúkúlùkù sùn mọ́jú lálẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún yẹn ni ìwé náà kọ sílẹ̀. Nígbà yẹn, orúkọ bàbá ti lé ní 400 ọdún lọ́rùn ọ̀pọ̀ ìdílé, ilé iṣẹ́ aṣọ àti ibi ìwa kùsà sì ti kó àwọn ará abúlé lọ sí ìgboro. Ibi tí orúkọ ti pọ̀ jù ní 1881 lè jẹ́ ibi tí ó ti ṣẹ̀, ó sì lè jẹ́ ibi tí iṣẹ́ gbé e dé.

Àwa Yorùbá gan-an kò yẹ kí irú èyí rú lójú. Wọ́n mú Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn lọ́dún 1821. Nígbà tí wọ́n batisí rẹ̀ ní Sàró ní 1825, wọ́n fún un ní orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó wà nínú ìgbìmọ̀ CMS. Yorkshire yìí náà ni àwọn Crowther pọ̀ sí jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àtọmọdọ́mọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí tó bá fi orúkọ rẹ̀ sínú máàpù bẹ́ẹ̀, West Yorkshire ni wọ́n á júwe fún un, wọn ò ní dárúkọ Òṣoògùn. A mọ̀ pé ẹni tó ń jẹ́ Cole tàbí Macaulay ní Èkó kì í ṣe ọmọ òyìnbó. Kí ló wá dé tí a fi gbà pé láàárín òyìnbó, orúkọ kò lè kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín?

Ohun tó sì dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tí Y kò lè fi hàn wá láé. Olaudah Equiano, adúláwọ̀ kan tó ti ṣẹrú rí, tí ọ̀gá rẹ̀ kan sọ ní Gustavus Vassa, gbé Susannah Cullen níyàwó ní Soham, ní Cambridgeshire, lọ́dún 1792. Vassa, ìyẹn náà orúkọ tó ṣọ̀wọ́n! Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí. Àgbà wọn kú ní kékeré. Joanna tó kù fẹ́ àlùfáà kan tó ń jẹ́ Henry Bromley, òun náà sì di Bromley. Láàárín ìran kan, orúkọ bàbá rẹ̀ ti tán nínú ìdílé náà, Y rẹ̀ ti tán. Bí Joanna bá fi ọmọ sílẹ̀, kò sí àyẹ̀wò Y tó lè bá wọn rí Equiano. Ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ ìgbà yẹn tó bí obìnrin nìkan lè ti bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà báyìí, orúkọ òyìnbó ni àwọn ọmọ wọn ń jẹ́, àwọ̀ òyìnbó sì ni tiwọn lónìí. Ti Revis kàn jẹ́ èyí tí ọwọ́ tẹ̀ ni.

Ó ní ibi tí èyí ti di ọ̀ràn ìjọba. Àwọn kan ń fẹ́ kí ọlọ́pàá máa fi Y tí wọ́n bá rí níbi tí wọ́n ti dáràn sọ orúkọ tàbí ẹ̀yà ẹni tó dá a. Bí ọmọ Revis kan bá gé ọwọ́ lára gíláàsì fèrèsé tó fọ́, tó jẹ́ pé Y nìkan ni wọ́n wò, adúláwọ̀ ni wọ́n máa jáde lọ wá. Ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lódìkejì: nínú àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìdílé wọn wá láti Karíbíà, ó lé ní ìdámẹ́rin tí Y wọn jẹ́ ti Yúróòpù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn olóko tó ni àwọn ìyá ńlá wọn lẹ́rú. Àwọn oníwàádìí Leicester fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ewu wà nínú kéèyàn máa fi irú Y sọ ibi tí ẹnìkan ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìran rẹ̀ ní láti wo gbogbo DNA rẹ̀ àti ìwé ìjọ pọ̀, kó sì máa wo ìlà ìyá bó ṣe ń wo ti bàbá.