Iye Mẹgapíksẹ́lì Ara Kámẹ́rà Kọ́ Ló Ń Mú Fídíò Mọ́

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra kámẹ́rà fídíò kékeré olówó pọ́ọ́kú ní Kàbbà tàbí ní Lọ́kọ́ja, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọlọ́jà yóò kọ́kọ́ nàka sí: mẹgapíksẹ́lì 48, súùmù 16, 4K. Àwa tí a ń rà á náà ti gbà pé bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán yóò ṣe mọ́ tó. Èmi pàápàá gbà bẹ́ẹ̀, títí di ìgbà tí mo gbé ọ̀kan lọ síbi ìsìnkú ìyá àgbà wa ní Ìyàrà.

Alẹ́ àìsùn ni. Gílóòbù mẹ́ta péré ni jẹnẹrétọ̀ ń tàn lábẹ́ àtíbàbà, èmi sì jókòó sẹ́yìn, mo fi súùmù fa ojú àbúrò bàbá mi, tí ń sọ̀rọ̀ nídìí máíkì, sún mọ́ mi. Nígbà tí a gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ kejì, ojú wọn ti di igun mẹ́rin mẹ́rin bí ilé ayò, òkùnkùn ẹ̀yìn wọn sì ń rìn wìnnìwìnnì bí ìgbà tí èèrùn bo ògiri. Àbúrò mi obìnrin wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta nìyí?”

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Píksẹ́lì kan kò ju tótó, ìyẹn àmì kékeré, aláwọ̀ kan ṣoṣo lọ nínú àwòrán; mẹgapíksẹ́lì kan sì jẹ́ mílíọ̀nù kan irú rẹ̀. Fídíò tí a ń pè ní Full HD ní tótó 1920 ní ìbú àti 1080 ní òòró. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 2,073,600, èyí tí kò ju mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ lọ. 4K pàápàá, tó tóbi ju Full HD lọ, kò ju 8,294,400 lọ. Níbo wá ni fídíò ti fẹ́ lo mílíọ̀nù 48? Fọ́tò lásán ni nọ́ńbà yẹn wà fún, àti pé nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ló ń bù ú kún un: yóò wo tótó méjì tó wà nítòsí ara wọn, yóò sì méfò ohun tó yẹ kó wà láàárín wọn. Omi tí a bù sí ọbẹ̀ ni, ẹran inú rẹ̀ kò pọ̀ sí i.

Ẹ wo kámẹ́rà fídíò Sony HDR-CX405 tó jáde ní ọdún 2015. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.3 péré ni tótó tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) ń lò fún fídíò, síbẹ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀ lè fa nǹkan sún mọ́ wa ní ìlọ́po 30 láìba àwòrán jẹ́, nítorí pé awò inú lẹ́ǹsì gan-an ló ń sún. (Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà òun náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran lálẹ́, n kò polówó rẹ̀.) Súùmù tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Dígítà ni: ńṣe ló gé àárín àwòrán, tó sì fẹ̀ ẹ́. Kí a tilẹ̀ gbà pé 4K gidi ni, bí a bá fi ìlọ́po 16 gé e, tótó 240 ní ìbú àti 135 ní òòró ló kù. Inú ìyẹn ni ojú àbúrò bàbá mi wà.

Ìmọ́lẹ̀ ni kámẹ́rà ń jẹ. Bí wọ́n bá pín sẹ́ńsọ̀ tí kò tó èékánná ọmọdé sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ tótó, ìmọ́lẹ̀ tí yóò kan tótó kọ̀ọ̀kan yóò dín kù, nítorí náà nọ́ńbà ńlá lórí sẹ́ńsọ̀ kékeré lè dá kún ìṣòro alẹ́ ni.

Èyí kò sọ kámẹ́rà náà di aláìwúlò o. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ìsìnkú yẹn, mo dúró nítòsí aṣọ pupa kan tí wọ́n hun ní Bùnú, mo sì rí òwú rẹ̀ kedere nínú fídíò. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ìpè kì í wọlé já a lẹ́nu iṣẹ́ bíi ti fóònù, ènìyàn sì lè yọ bátìrì tó ti kú kí ó fi òmíràn sí i, èyí tí kì í ṣe nǹkan kékeré níbi tí iná ìjọba kì í ti í dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó wo ara páálí bóyá “optical” (èyí tí awò inú lẹ́ǹsì ń sún) ni wọ́n kọ síwájú súùmù tàbí “digital” (èyí tó kàn ń gé àwòrán). Kó mú mẹ́mórì káàdì tirẹ̀ dání, kó ya igun tó ṣókùnkùn jù nínú ṣọ́ọ̀bù náà, kó fa súùmù dé òpin sí pátákó òdìkejì títì, kó sì wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ojú ìwòran kékeré tó wà lára kámẹ́rà máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀.

Tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kì í fọwọ́ kan bọ́tìnnì súùmù rẹ̀ mọ́. Bí mo bá fẹ́ kí ojú ènìyàn hàn, ńṣe ni mo ń dìde, tí mo ń rìn lọ bá a.