A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀rọ̀ Ilé Ìwòsàn Wa ní Ẹ̀pẹ́

Àwọn àgbà ló ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Wọn ò ní kí a má fárí o, wọn ò sì ní kí olórí fúnra rẹ̀ mú abẹ, torí kò sẹ́ni tó lè fá ìpàkọ́ ara rẹ̀ kó fá a re. Kí ẹni tó ni orí ṣáà wà níbẹ̀, kó lè sọ pé, "Rọra, egbò wà níhìn-ín." Òwe yìí ni mo fi ń wo bí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe kó àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé sábẹ́ àkóso bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo.

Kíkó tí wọ́n kó wọn jọ dára. Tẹ́lẹ̀, káńsù ló ń gba nọ́ọ̀sì, ìpínlẹ̀ ló ń bẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, àjọ mìíràn ló ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára wá. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, kálukú á ní kì í ṣe òun. Èyí wà lára ohun tó mú kí Èkó ṣe òfin àtúnṣe ètò ìlera ní 2006, tí bọ́ọ̀dù ìlera alábọ́ọ́dé fi wáyé. Ní 2011, ìgbìmọ̀ ìlera orílẹ̀-èdè ní kí gbogbo ìpínlẹ̀ kó tiwọn sábẹ́ òrùlé kan. Bọ́ọ̀dù kan lè ra oògùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí owó rẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè mú dókítà láti ibi tí wọ́n pọ̀ sí lọ síbi tí kò sí rárá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mi ò bá ìyẹn jà.

Ibi tó ń dùn mí ni pé nígbà tí ilé ìwòsàn wà lọ́wọ́ káńsù, bó ti wù kó burú tó, a mọ ilé alága, a mọ ilé kánsẹ́lọ̀. A dìbò fún wọn, a sì lè fi ìbò yọ wọ́n. Ta ló dìbò fún bọ́ọ̀dù?

Ẹ wo abúlé kan létí ọ̀sà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Agbẹ̀bí kan ṣoṣo tó mọ àwọn aboyún ibẹ̀ lórúkọ ni wọ́n fi lẹ́tà gbé lọ síbòmíràn. Lẹ́tà dé ọwọ́ agbẹ̀bí, kò dé etí ìlú. Aláboyún kan tí ìrọbí mú lóru ló kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé e dé èbúté, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé àtùpà dání, àgádágodo ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tún padà sínú ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà Ẹ̀pẹ́. Ó bí láyọ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn kò burú lọ́kàn. Iye òṣìṣẹ́ ló wò lórí ìwé, ìwé ò sì sọ fún un bí ojú omi ṣe ń rí lóru. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ. Bí wọ́n bá gbé e sí ọjọ́ tí Ọjà Olúwo kún, ta ni yóò bá ìyálọ́mọ ta ẹja rẹ̀?

Ohun tó yẹ kó dí àlàfo yìí wà nílẹ̀, òun ni ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ará àdúgbò tí kánsẹ́lọ̀ kan ń ṣojú, tó yẹ kí wọ́n máa bá ìlú sọ̀rọ̀ lórí ilé ìwòsàn wọn. Ìpàdé àgbáyé lórí ìlera tí wọ́n ṣe ní Alma-Ata ti sọ ọ́ ní 1978 pé ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ará ìlú ni láti lọ́wọ́ sí ètò ìlera wọn, Ọlíkóyè Ransome-Kútì tó di mínísítà ìlera ní 1985 sì gbé e wálé fún wa. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè nígbà tí àlejò bá ń bọ̀ nìkan, kó wá ya fọ́tò kó máa lọ, kò ṣojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá rí ìwé owó ni aṣojú. Òfin ìlera 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, apá kan rẹ̀ sì ń lọ tààrà sí àpò ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù. Ó yẹ kí ará Agbówá tàbí Ìtòìkín mọ iye tó dé tiwọn. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí a ti ń gba káàdì, ní Yorùbá: iye tó wọlé, ohun tí wọ́n rà, iye tó kù.

Àwa náà, ẹ jẹ́ ká yan èèyàn gidi síbẹ̀: ìyálọ́mọ, apẹja, ará etí omi, kó má jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan. Ìlú tí Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ti jọ ń gbé látìgbà tí Ọba Kọ́sọ́kọ́ ti Èkó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá lẹ́yìn ogun Èkó ti 1851 mọ̀ pé ìpàdé tí apá kan ò sí níbẹ̀ kì í fìdí múlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí bọ́ọ̀dù kọ sínú ìlànà rẹ̀ kò pọ̀. Kó tó gbé agbẹ̀bí kúrò létí omi, kí ẹ̀dà lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù, kí wọ́n láyè ọ̀sẹ̀ méjì láti fèsì, kí èsì wọn sì wà nínú fáìlì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Tí wọn ò bá sì fẹ́ kí a rí ìwé owó, òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 gba ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé béèrè, ọjọ́ méje ni ilé iṣẹ́ ìjọba ní láti dáhùn. Kí àwọn kánsẹ́lọ̀ wa ló kọ́kọ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.