Ẹni Tó Ń Lànà Kì Í Mọ̀ Pé Ẹ̀yìn Òun Wọ́

Òkè àti àpáta pọ̀ ní Èkìtì tiwa, ọ̀nà oko tó tọ́ gbọnrangandan kò wọ́pọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ la ọ̀nà tuntun sí oko kòkó wọn lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́. Èmi ni wọ́n fún ní àdá pé kí n máa ṣíwájú. Mo fojú sun igi kan tó ga, mo ń ṣán igbó lọ, ó sì dá mi lójú pé ọ̀nà mi tọ́ bí okùn tí a nà. Ìgbà tí a gun orí àpáta, wọ́n ní kí n bojú wẹ̀yìn. Ọ̀nà náà ń lọ́ bí ejò. Kùkùté kékeré tí mo lè gé kúrò, mo ti yà fún un. Bàbá kò bá mi wí. Wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé ọ̀nà ti là, ó ku ká padà síbẹ̀rẹ̀ ká wá tún un ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa òwe yìí fún mi.

Òun náà ni mo máa ń pa fún ẹni tó bá sọ fún mi pé òun ti kọ ìtàn àròsọ òun tán, pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ òun ń gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó kọ ojú ewé 200 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹnu sọ lásán. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Nígbà tí ẹ ń kọ orí kìíní, ẹ kò tí ì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ni yóò dalẹ̀ àbúrò rẹ̀ ní orí ogún. Ẹ ti wá mọ̀ báyìí. Orí kìíní kò tí ì mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tì í sínú àpótí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tàbí oṣù méjì bí ọkàn yín bá gbà á. Ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ṣì ń dún létí ẹni tó kọ ọ́; ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló ń kà, kì í ṣe ohun tó wà lórí ìwé. Bí ẹ bá wá gbé e jáde, ẹ kà á tán lẹ́ẹ̀kan láìmú bírò dání.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ wa jẹ́ jù, lójú tèmi, ni pé ìparí iṣẹ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Òǹkọ̀wé á fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ inú orí kìíní, á dán gbólóhùn títí yóò fi máa tàn yanran, bẹ́ẹ̀ odindi orí yẹn kò yẹ kó wà nínú ìwé rárá. Kí ó wo àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìpele mẹ́rin ni ère gbígbẹ́ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ: ọnà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín. Nígbà ọnà lílé, orí àti àyà àti ẹsẹ̀ kàn ń hàn fìrífìrí lára ìtì igi ni. Alétúnlé ló ń ya etí sọ́tọ̀ kúrò lára orí, apá kúrò lára ìhà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dán an tán ni ọ̀bẹ ń fín irun àti ilà ojú.

Ọlọ́wẹ̀ tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó gbé ní Ìsẹ̀-Èkìtì, tó sì kú ní 1938, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. British Museum ló wà di òní. Lára ilẹ̀kùn náà, ọba jókòó lórí ìtẹ́, àwọn èèyàn ru ajẹ́lẹ̀ òyìnbó bọ̀ wá kí i, ère wọn sì yọ síta lára pákó débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró. Ta ló lè mú ère yọ báyẹn bó bá jẹ́ irun orí ló kọ́kọ́ fín? Láti ìgbà tí àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti mọ igi tí yóò lọ àti èyí tí yóò kù.

Ọnà lílé tiwa ni ká béèrè pé ta ló ni ìtàn yìí, kí ló ń wá, orí wo la lè yọ tí ẹnikẹ́ni kò ní wá a? Bí ọ̀rẹ́ méjì bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ìwé, ẹ sọ wọ́n di ẹnì kan. Ojú ewé 11 ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn tèmi, lórí bí babańlá ìlú náà ṣe gbé adé kúrò ní Ifẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Mo yọ gbogbo rẹ̀, ìlà méjì péré ló kù, lẹ́nu arúgbó kan. Igi tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá gé kúrò kò ṣe é lẹ̀ padà; tiwa ṣe é lẹ̀, nítorí náà ẹ fi ohun tí ẹ bá yọ pamọ́ síbòmíràn, ọkàn yín á balẹ̀ láti gé e.

Ìgbà tí mo dé alétúnlé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún Yèyé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní Adó, bí wọ́n bá jókòó ti ẹ̀gúsí bíbó nírọ̀lẹ́. Mo dé orí kẹsàn-án, wọ́n dá mi dúró.

“Ọmọ mi, ṣé ìgbà ìjẹṣu ni obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé.”

“Wọ́n ṣì ń ká kòkó ọdún yẹn, ó ti ń rọbí. Oyún oṣù mélòó nìyẹn?”

Ìgbà mẹ́rin ni mo ti ka orí yẹn, n kò rí i. Lọ́jọ́ náà ni mo fa ìlà sórí ìwé kan: orí ìwé níhìn-ín, àsìkò rẹ̀ lọ́hùn-ún, bóyá ọyẹ́ ni tàbí òjò àkọ́rọ̀, ohun tó wà lóko, ẹni tó wà nílé. Ẹ ṣe irú rẹ̀. Iṣu tuntun ń jáde ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, kòkó ń tẹ̀ lé e; oko fúnra rẹ̀ á bá yín ka oṣù.

Dídán ló kàn. Yèyé kan náà ló bi mí pé kí ló dé tí bàbá àgbẹ̀ inú ìtàn fi ń sọ “ulé” àti “uṣu” láàárọ̀, tó wá ń sọ “ilé” àti “iṣu” bíi tíṣà lálẹ́. Mo ní láti yan ẹni tí yóò máa sọ Èkìtì àti ẹni tí kò ní sọ ọ́. Ohun mìíràn tún wà tí wọn kò sọ lẹ́nu. Ibi tí ìtàn bá ti mú wọn, ọwọ́ wọn á dúró lórí ẹ̀gúsí. Ibi tí wọ́n bá ti tún ń bó o kíákíá, mo ń fi àmì sí etí ìwé, ibẹ̀ ni mo sì ń padà sí lóru.

Fínfín kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ tẹ̀ lé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, “ayé” ni, kì í ṣe “aiye”. Ẹ má fi àmì ohùn ṣeré: obìnrin tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká yàtọ̀ sí èyí tó gbé ọkọ kọ́ èjìká.

Wọ́n ní gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí kò ní pọ́n yín lé, kẹ́ ẹ gbé e fún wọn kó tó dé ilé ìtẹ̀wé. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹni tó kọsẹ̀ lójú ọ̀nà yín lè máà mọ ohun tó yẹ kí ẹ fi dí kòtò náà, ṣùgbọ́n ó kọsẹ̀.

Lálẹ́ àná, mo ka orí kẹsàn-án tuntun fún Yèyé. Oyún náà ti pé oṣù mẹ́sàn-án báyìí, ọyẹ́ ti lọ, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n ní kí n tún ka ibi tí ìyá ọmọ ti kọ́kọ́ gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀. Àwo ẹ̀gúsí wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, wọn kò fọwọ́ kàn án.