Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Ẹ́ Fò. Ilẹ̀ Àdúgbò Ńkọ́?

Àwọn baba wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láì fara kan ara. Òwe yìí ni àwọn àgbà sábà máa ń kọ́kọ́ pa bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín aládùúgbò méjì. Wọ́n á pa á tán, wọ́n á mirí, wọ́n á sì máa retí kí àwọn tó ń jà jáwọ́ nínú ìjà. Mo gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan ní àdúgbò wa ní Adó-Èkìtì, lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé sọ di ibi ìṣeré wọn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó bi ara mi léèrè ohun tí òwe náà ń sọ gan-an. Ojú ọ̀run ni ó ní ó tó. Kò ní ilẹ̀ tó. Ẹyẹ kì í ra pulọ́ọ̀tì, kì í mọ ọgbà, kì í sì í sá èlùbọ́. Bí a bá sì tún wo òkè ọ̀hún dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe fífẹ̀ ojú ọ̀run nìkan ni kò jẹ́ kí àwọn ẹyẹ máa kọlu ara wọn. Àṣá ló ni ọ̀sán, òwìwí ló ni òru, kò sì sí èyí tó ń bá èkejì du àkókò rẹ̀.

Ilẹ̀ tí mo ń sọ yìí kò ju pulọ́ọ̀tì kan lọ, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, láàárín ilé méjì tí wọ́n ti kọ́ parí. Èkó ni ẹni tó ni ín ń gbé. Láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn tó ti ri òkúta ààlà mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, kò yọjú mọ́, ewé Akíntọ́lá sì bo gbogbo rẹ̀, àwọn kan ń yọ́ da ilẹ̀ ilé wọn síbẹ̀ lóru, a sì ti pa ejò níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà ìsinmi Kérésìmesì, àwọn ọmọ àdúgbò, tí èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, gbé àdá baba wọn, wọ́n sì ro ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Wọ́n ri ọparun kúkúrú mẹ́rin mọ́lẹ̀ fún mọ́ńkì póòsì. Wọ́n fi okùn kànga tó ti gbó so táyà mọ́ ẹ̀ka máńgòrò láti fi ṣe jáńgílófà, àwọn ọmọbìnrin sì fi àpáàdì fa ìlà sùwè sí ibi tí ilẹ̀ ti le. Wọ́n tilẹ̀ to àfọ́kù búlọ́ọ̀kù jọ fún àwọn òǹwòran. Mo dúró wò wọ́n ní ọjọ́ kẹta, ojú sì tì mí díẹ̀, nítorí pé àìmọye ìpàdé ni ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, tí èmi náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ti ṣe lórí igbó yìí láìgé ewé kan.

Ìgbà ọyẹ́ tí àwọn ọmọ fi wà nílé náà ni ìgbà tí oòrùn dára jù fún sísá nǹkan. Yèyé kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ń gbé ilé tó wà lápá ọ̀tún ilẹ̀ náà, ó sì ti tẹ́ ọ̀rá funfun sí ìta, ó sá gbodo, ìyẹn iṣu tí a fi ń ṣe èlùbọ́, sí i. (Ẹ má bi mí pé kí ni ará Èkìtì ń fi èlùbọ́ ṣe nígbà tí uyán wà, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó lọ́kọ sí Ìbàdàn ló ń ṣe é fún.) Bọ́ọ̀lù félélé kan tó ti yí nínú omi ìfọṣọ àti erùpẹ̀ fo ọgbà kúkúrú náà, ó ta lẹ́ẹ̀mejì lórí gbodo, ó sì fi àmì pupa roboto méjì sílẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi ìdí ago tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Ọmọkùnrin kan gun ọgbà náà kọjá, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ iṣu tí ó wà létí ọ̀rá, ó mú bọ́ọ̀lù, ó sì yí padà láìkí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí bọ́ọ̀lù náà tún wọlé ní ìrọ̀lẹ́, Yèyé fi ọ̀bẹ là á sí méjì, ó sì jù ú padà sí wọn. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n bá àwọn ọparun náà nínú ààrò ẹnìkan. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnìkan tí a kò tíì mọ̀ títí di òní pe onílẹ̀ ní Èkó, ó sọ fún un pé àdúgbò ti gba ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà dé ní Sátidé pẹ̀lú ọlọ́pàá kan.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, a pe gbogbo wọn jọ sí iwájú ilé olórí àdúgbò, a sì fún oníkálùkù láyè láti rojọ́. Fún bí wákàtí kan, ariwo ni gbogbo wọn ń sọ: ariwo bọ́ọ̀lù, ariwo ọmọ, ariwo lásìkò oorun ọ̀sán. Bí ẹni bá fetí sílẹ̀ dáadáa, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ariwo ló ń dun ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tó dun Yèyé ni pé ọmọ tí kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ gun ọgbà wọlé, ó sì jáde láìsọ pé “ẹ pẹ̀lẹ́, mà”. Ó sọ ọ́ níkẹyìn, pẹ̀lú ohùn kékeré: “Kì í ṣe gbodo mi ló tẹ̀, èmi ló tẹ̀.” Ohun tó ń ba àwọn òbí lẹ́rù ni títì, nítorí pé bí ilẹ̀ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ojú ọ̀nà tí ọ̀kadà ń gbà sáré ló kù fún wọn. Onílẹ̀ ní tirẹ̀ kò bẹ̀rù ọmọdé rárá. Orúkọ ló ń bẹ̀rù. Ó ní bí àwọn èèyàn bá ti ń pe ibẹ̀ ní “fíìdì” fún ọdún mẹ́ta, ẹgbẹ́ onílé yóò wá kọ́ gbọ̀ngàn sí i, wọn yóò sì ní ti àdúgbò ni láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí ní Èkìtì.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ nìyí. Nínú agboolé àtijọ́, èyí tí àwa Èkìtì ń pè ní ulé, kò sí ilẹ̀ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ tí wọ́n pè ní ti ọmọdé. Gbàgede kan náà ni gbogbo ilé ń lò. Ní ọ̀sán, kòkó àti èlùbọ́ ló wà níbẹ̀, ọmọ tó bá sì sáré kọjá lórí rẹ̀ yóò jẹgba. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn á ká ẹní kòkó kúrò, àwọn àgbà á gbé ọpọ́n ayò jáde. Bí òṣùpá bá yọ, àwọn ọmọ ló ni ín, fún àlọ́ àti bojúbojú, títí tí ẹnìkan yóò fi kígbe láti inú yàrá pé ilẹ̀ ti ṣú. Kò sí ẹni tó jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló mọ ìgbà tirẹ̀. Ilẹ̀ kò fẹ̀ nígbà náà ju báyìí lọ. Àkókò ni wọ́n pín. Nígbà tí a fi agboolé sílẹ̀, tí oníkálùkù ra pulọ́ọ̀tì tirẹ̀, tó sì mọ ọgbà yí i ká, a kó ilé lọ, a sì gbàgbé àdéhùn tó wà nínú gbàgede náà.

Òfin kò lè bá wa dá àdéhùn náà padà. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1989, sọ ní abala 31 pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2003, sọ irú rẹ̀ ní abala 12. Ọ̀kan nínú àwọn òbí mẹ́nu ba èyí ní ìpàdé náà. Inú mi dùn pé ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí òfin náà ti sọ pé lórí pulọ́ọ̀tì ta ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí adájọ́ sọ èyí fún òun kí ó rántí pé a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, pàápàá láàárín àwọn tó ń bu omi nínú kànga kan náà.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Èkìtì nìkan ni àwọn ọmọ ti fẹ́ràn láti fi àlòkù ṣeré. Ní ọdún 1943, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ṣí pápá kan ní Emdrup, ní ìlú Copenhagen ní Denmark, tí wọ́n kó pákó, bíríkì àti oríṣiríṣi àlòkù sí fún àwọn ọmọdé kí wọ́n máa fi kọ́ ohun tó bá wù wọ́n. C. Th. Sørensen ló dá èrò náà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya ọgbà àti pápá, tó sì ti kíyè sí i pé àwọn ọmọ ń fi pàǹtí ṣeré tìfẹ́tìfẹ́ ju bí wọ́n ti ń lo àwọn pápá aláràbarà tí òun ń ṣe lọ. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Lady Allen of Hurtwood, rí i ní ọdún 1946, ó sì polongo rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti lo ilẹ̀ tí bọ́ǹbù ti wó ilé orí rẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mú nínú ìtàn yìí ni pé wọn kò fi àwọn ọmọ sílẹ̀ láìní àgbà lọ́dọ̀: wọ́n fi ọkùnrin kan, John Bertelsen, síbẹ̀ láti máa wà pẹ̀lú wọn. Àwa ní àgbà púpọ̀ ní àdúgbò. Èyí tí yóò gbé àga jáde ní ìrọ̀lẹ́, kí ó máa wo eré, ni kò pọ̀.

Ìmọ̀ràn tí mo wá gbé kalẹ̀ ní ìpàdé náà kì í ṣe tuntun. Àwọn baba wa ti yanjú irú ìbẹ̀rù onílẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Bí àlejò bá wá dáko, onílẹ̀ á fún un nílẹ̀, àlejò á sì máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún: iṣu ni, epo ni, nígbà tí kòkó sì dé, kòkó tàbí owó. Bí ó ti pọ̀ tó kọ́ ni pàtàkì rẹ̀. Ẹni tó bá ń san án ń fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lọ́dọọdún pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tòun. Ìdí nìyí tí onílẹ̀ fi lè sùn kí ó hanrun, bí àlejò náà tilẹ̀ jẹ oko ọ̀hún títí dé ọmọ-ọmọ. Mo ní kí àwọn ọmọ wa náà máa san ìṣákọ́lẹ̀. Kí wọ́n máa ro ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí àwọn òbí má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dalẹ̀ síbẹ̀ mọ́, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé máa ya fọ́tò òkúta ààlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí onílẹ̀ lórí WhatsApp, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé tí gbogbo wa fọwọ́ sí pé ilẹ̀ rẹ̀ ni, àyè ló fún wa, ọjọ́ tó bá sì fẹ́ kọ́lé, oṣù kan péré ni yóò fi sọ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ tòsì, tòsì wẹ tọ̀tún, ni ọwọ́ méjèèjì fi ń mọ́. Ọ̀gbẹ́ni náà ti ń san owó fún ẹnìkan láti máa ro igbó tí kò ro rí. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí a fi iṣu kan kún un ní Kérésìmesì. A gbà.

Ti Yèyé le díẹ̀. Mo fẹ́ràn Yèyé, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ yẹn ti pọ̀ jù. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọjọ́ yẹn, ọwọ́ méjèèjì ló fi bá wọn wí. Àwọn òbí náà sì jẹ̀bi, nítorí pé orí bọ́ọ̀lù tó ya ni wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọn kò sọ̀rọ̀ ọgbà tí ọmọ wọn gùn. Ọmọdé kì í mọ orí jẹ kó má ra á lẹ́nu: bó ti wù kí ọmọ ṣọ́ra tó, bọ́ọ̀lù rẹ̀ yóò wọ ilé onílé. A kò lè ṣòfin pé kí ó má wọ̀ ọ́. Ohun tí a lè kọ́ ọ ni bí yóò ṣe gbà á padà. Ẹnu ọ̀nà ni kí ó gbà, kí ó kan ilẹ̀kùn, kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí ó sọ ohun tó bàjẹ́ kí wọ́n tó bi í. Bí dígí bá fọ́, gbogbo òbí tí ọmọ wọn wà lórí pápá lọ́jọ́ náà ni yóò dáwó jọ, kì í ṣe baba ẹni tó gbá a nìkan, nítorí pé bí ó bá wọlé góòlù, gbogbo wọn ni ì bá yọ̀. Ní ti àkókò, Yèyé fúnra rẹ̀ ló mú un wá: títí di agogo mẹ́rin ní ìgbà ọyẹ́, gbodo ló ni ojú oòrùn; láti agogo mẹ́rin títí di ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun Mọ̀gàríbì ní mọ́sálásí ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ ló ni pápá. Ọmọkùnrin tó gun ọgbà ni wọ́n fi jẹ aago. Òun ló ń bá a kó gbodo wọlé lójoojúmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ti kọjá lórí rẹ̀ báyìí. Okùn jáńgílófà já lẹ́ẹ̀kan, ọmọ kan sì fi ìgbáròkó lélẹ̀. Baba rẹ̀ ló ra okùn tuntun. Ìjà kò tán pátápátá, nítorí pé ẹni tó wà lápá òsì, tí kì í sá nǹkan kan, ṣì ń ráhùn nípa oorun ọ̀sán rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni onílẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kí òjò tó rọlẹ̀ òun yóò wa ìpìlẹ̀, ó sì fún wa ní oṣù kan bí ìwé ṣe wí. Mo sọ fún àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kò sunkún bí mo ti rò. Àgbà wọn wo ọparun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ni pulọ́ọ̀tì tó wà lẹ́bàá gọ́tà ńlá, èyí tí igbó bò. Kí n tó dáhùn, èyí tó kéré jù nínú wọn ti ń sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà Yèyé láti lọ béèrè.