Ẹ má bi wá bẹ́ẹ̀ mọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi! Gbogbo ìgbà tí àlejò bá ti wá ṣe ìnáwó ní Kábbà, ìlú wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, ìbéèrè kan náà ni: "Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ Yorùbá?" Àwa tí ìyá wa fi Owé, ẹ̀ka Yorùbá tiwa, rẹ̀ wá lẹ́kún!

Lọ́jọ́ ìdána àbúrò mi, ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti Ìbàdàn wá: "Ọ̀kun o, mà," bí a ṣe ń kíni nílé wa. Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn ìyá náà. Ẹnì kan ní ará Òkè Ọya ni wá. Òkè Ọya wo? Ìwọ̀-oòrùn odò Ọya ni Kábbà wà, a ò sọdá omi kankan. Òyìnbó ló kó wa mọ́ Àríwá. Ọdún 1991 ni wọ́n dá Kogí sílẹ̀, a sì ti wà níbí tipẹ́tipẹ́.

Tá a bá tún dé Lọ́kọ́ja, olú-ìlú Kogí, àwọn kan á ní ká máa lọ bá àwọn Yorùbá wa.

Èyí tó dùn mí jù ni àwọn ọmọ wa, àti ti àwọn ẹ̀yà Yorùbá tó múlé tì wá, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú, tí wọ́n ń tijú ohùn ilé wọn nítorí kí wọ́n lè rí ojúure. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ bí bàbá wọn ṣe ń sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́!